Hubert Ògúndé àti Ìtàn Ẹ̀rù Tí Ó Di Sinimá

Ní ọdún 1916 ni a bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní Òṣọ̀sà, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé méjì ni ó tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀kọ́ ilé kan kò sì jọ ti èkejì. Ní ilé bàbá rẹ̀, ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń ṣe, níbẹ̀ ni orin ṣọ́ọ̀ṣì sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ó gbé lọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí kò fi ẹ̀sìn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ bàbá àgbà yìí ni ó ti mọ ohun tí Ifá jẹ́ àti ohun tí Ògún jẹ́, kì í ṣe nínú ìwé, bí kò ṣe nínú ilé tí ó ń gbé. Nígbà tí eégún alárìnjó bá sì ń ṣeré káàkiri ìlú, ọmọ náà kì í gbẹ́yìn. Ohun tí ó rí ní ilé kejì yìí ni yóò padà wá lò nígbà tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ó ka ìwé ní Òṣọ̀sà, ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì di olùkọ́ àti atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta. Èkó ni ó wà tí ìjọ Aládùúrà kan fi ní kí ó ṣe eré fún àwọn. Eré náà, èyí tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, ni wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn Glover ní Oṣù Kẹfà ọdún 1944. Àwọn ènìyàn kún inú gbọ̀ngàn náà. Ọlọ́pàá tí ó kọ eré yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí rò ó nínú ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn máa jẹun nídìí eré ṣíṣe.

Èrò tí ó le ni èrò náà nígbà náà. Alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ẹni tí ó bá ń ṣeré káàkiri, kò sì sí òbí tí yóò fi inú dídùn fa ọmọbìnrin rẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ògúndé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn obìnrin tí òun yóò máa san owó oṣù fún. Nígbà tí ó ṣe, ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ níyàwó, nítorí bí òṣèré bá ti di ìyàwó ilé, kò ní fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sí ilé ọkọ mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà dúró fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún.

Ọ̀rọ̀ ìlú ni ó kọ́kọ́ sọ Ògúndé di olókìkí. Ó ṣe eré lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945. Ó tún ṣe òmíràn ní 1950 nítorí àwọn awakùsà èédú tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949. Ìjọba amúnisìn dí i lọ́wọ́ ní àwọn ìlú kan ní Òkè Ọya. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira tán, kò yí ohùn padà. Yorùbá Ronú tí ó ṣe jáde ní 1964 bí àwọn aláṣẹ Ìwọ̀-Oòrùn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé e kúrò lórí ìtàgé ní gbogbo agbègbè náà, kò sì rí àyè padà títí di 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba.

Ìyá ẹgbẹ́ náà ni Clementina Adéṣẹwà, ìyàwó rẹ̀ àgbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí ìtàgé, òun sì ni àwọn òǹwòran mọ̀ jùlọ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ní 1970, nígbà tí ẹgbẹ́ ń lọ ṣeré Àyànmọ́ ní Iléṣà, ọkọ̀ wọn ní jàǹbá lójú ọ̀nà, Adéṣẹwà sì kú. Ògúndé kọrin arò fún un, àwo orin náà sì wọ ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà náà ni àwọn eré rẹ̀ ti túbọ̀ ń kúrò lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú, tí wọ́n ń lọ sórí ohun tí ojú kò rí: ìpín ènìyàn, ìkà inú ẹbí, àti agbára òru. Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó ṣe eré tí ó pè ní Ayé.

Ayé jẹ́ ìtàn ẹ̀rù, kò sì gùn ní sísọ. Ìlú kan wà tí ó tòrò; àwọn àjẹ́ dé sí i; ikú àti àdánù ń wọ ilé dé ilé; babaláwo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá sì dìde láti bá wọn jà. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá. Ẹni tí kò bá rí eré náà lè rò pé kò sí ohun tuntun nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹ̀rù kì í fi gígùn ṣe agbára. Ohun kan péré ni ó nílò, kí ohun náà sì jẹ́ èyí tí olùgbọ́ ti ń bẹ̀rù kí ó tó jókòó.

Àwọn tí ó ń ṣe sinimá ní òkè òkun mọ èyí dáadáa. Ní 1952, obìnrin òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba kan, Daphne du Maurier, kọ ìtàn kúkúrú kan nípa àwọn ẹyẹ tí wọ́n dédé gbógun ti ọmọ ènìyàn ní etí òkun Cornwall. Alágbàṣe oko kan, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹyẹ sì ń lu ojú fèrèsé. Alfred Hitchcock sọ ìtàn náà di fíìmù ní 1963. Ó gbé e kúrò ní Cornwall lọ sí California ní Amẹ́ríkà, ó mú alágbàṣe náà kúrò, ó fi ọmọbìnrin olówó kan rọ́pò rẹ̀. Ẹyẹ àti ẹ̀rù nìkan ni ó kù nínú ohun tí obìnrin náà kọ, fíìmù náà sì wà lára àwọn tí ayé kò gbàgbé. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ ìdí tí ẹyẹ fi ń bá ènìyàn jà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà kan láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó jókòó wò ó, kì bá má béèrè ìdí. Ẹlẹ́yẹ ni orúkọ tí àwọn baba wa ń fi ẹnu rọra pe àjẹ́.

Ibi tí agbára Ògúndé wà nìyí. Àwọn òǹwòran rẹ̀ ti bá ìdajì ìtàn náà wá láti ilé. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ó gba Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó kọjá ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí wọ́n fara kan ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ọmọ Ìlobùú ti ń gbọ́ ìtàn Erinlẹ̀ láti kékeré, ọdẹ tí ó wọlẹ̀ tí ó sì di odò. Ọmọ Ìfọ́n mọ Òrìṣà Olúfọ́n, aláṣọ funfun tí kì í fẹ́ kí a gbé ẹmu dé ọ̀dọ̀ òun. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn ìdí tí ọkùnrin kan lórí ìtàgé fi ń mi ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń pe ohùn. Wọ́n ti rí i ní ìta ilé wọn.

Ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ní 1950 sí 1951, àwọn tí a ń pè ní Àtíńgà ti ìhà ìwọ̀-oòrùn wọ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní àwọn mọ àjẹ́ yàtọ̀. Àwọn obìnrin, pàápàá àwọn arúgbó, ni wọ́n ń nàka sí, wọ́n sì fọ́ ojúbọ òrìṣà púpọ̀ kí ìjọba tó fi òfin dè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wo Ayé ní ogún ọdún lẹ́yìn èyí ti dàgbà tó láti rántí rẹ̀.

Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún jáde, èyí tí a kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Adé Afọláyan ni ó ṣe Àjàní Ògún nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ wò ó. Lẹ́yìn èyí ni Balógun àti Afọláyan tún sọ ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, di fíìmù tí wọ́n pè ní Ìjà Òmìnira. Ògúndé rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti ń dá àwọn ènìyàn dúró sílé, ẹgbẹ́ òṣèré sì ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ti ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún àti mẹ́ta nígbà tí òun àti Balógun fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti gbé Ayé kúrò lórí ìtàgé. Fíìmù náà jáde ní 1979.

Ìpinnu náà kò rọrùn. Ní Nàìjíríà ìgbà náà kò sí ibi tí a ti lè fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère. Òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ, owó òkèèrè ni wọ́n sì fi ń sanwó rẹ̀. Bí eré orí ìtàgé bá kùnà ní ìlú kan lónìí, a lè tún un ṣe kí a tó dé ìlú kejì lọ́la. Fíìmù tí ó bá kùnà ti kùnà nìyẹn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì yàtọ̀. Lórí ìtàgé, ijó àti orin ni a fi ń mọ àjẹ́. Bí obìnrin mẹ́ta bá jó wọlé pẹ̀lú ìṣesí kan, tí ìlù sì yí ohùn padà, gbogbo gbọ̀ngàn ti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ọkàn òǹwòran ni yóò sì parí ìyókù. Ẹ̀rọ ayàwòrán kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Igbó tòótọ́ ni ó fẹ́, òru tòótọ́, igi tòótọ́. Bí a bá ní ènìyàn pòórá, ó gbọ́dọ̀ pòórá lójú wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí irú èyí ti wà láti ìgbà tí sinimá ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé: a ó dá ẹ̀rọ dúró, òṣèré yóò bọ́ sẹ́yìn, a ó gbé ohun mìíràn sí ibi tí ó dúró sí, a ó sì tún ẹ̀rọ ṣí. Nígbà tí a bá wò ó lára aṣọ funfun, ènìyàn ti di ẹranko. Ọgbọ́n tí kò nira ni. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, tí wọn kò sì rí i rí, ohun ńlá ni. Gbogbo ohun tí ọkàn wọn ti ń fojú inú wò ní òkùnkùn ni ó dé iwájú wọn nínú ìmọ́lẹ̀.

Ògúndé àti Balógun kò pẹ́ pọ̀. Nígbà tí Jáyésinmi, tí ó tẹ̀ síwájú láti inú Ayé, jáde ní 1980, ará Ìlú Ọba kan tí ń jẹ́ Freddie Goode ni ó ti ń bá Ògúndé ṣiṣẹ́. Àròpin N'Tènìyàn, tí òun náà ti jẹ́ eré orí ìtàgé rí, tẹ̀ lé e ní 1982. Àyànmọ́ sì di fíìmù ní 1988, ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn ikú Adéṣẹwà.

Bí fíìmù wọ̀nyí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tọ́ kí a mọ̀. Ilé sinimá wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, ṣùgbọ́n fíìmù òkèèrè ni ó kún inú wọn, ti Íńdíà àti ti Ṣáínà. Àwọn òṣèré Yorùbá kò sì fẹ́ fi ẹ̀dà fíìmù wọn lé ẹni tí yóò ka owó níbi tí ojú wọn kò tó lọ́wọ́. Nítorí náà, bí wọ́n ti ń gbé eré kiri ní àtijọ́ ni wọ́n ṣe ń gbé fíìmù kiri. Ọkọ̀ yóò wọ ìlú ní ọ̀sán pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí rẹ̀. Ní irú ìlú bí Ìlobùú tàbí Ìfọ́n, tí kò ní ilé sinimá ńlá, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ ni ibi ìwòran. Wọn yóò ta aṣọ funfun, wọn yóò tan ẹ̀rọ amúnáwá síta kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn, àwọn ará ilé olówó fíìmù ni yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbowó. Bí ó bá di òru tí wíwò bá parí, àwọn tí ó wá ní àwọn nìkan yóò wá ẹni tí àwọn yóò jọ padà sílé.

Àwọn tí ó ń gbé irú ìṣọ́ yìí kì í ṣe àṣejù. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ná owó ńlá lórí Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí ó tó rí èrè jẹ, ó sì bọ́ sínú gbèsè tí ó wọ̀ ọ́ lọ́rùn fún ọdún púpọ̀.

Kò sí àní-àní pé Ògúndé jàǹfààní nínú sinimá ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ohun kan dínkù bí ìtàn náà ti ń kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Orúkọ tí ó fún babaláwo inú Ayé kì í ṣe orúkọ lásán. Odù Ifá kan ni Ọ̀ṣẹ́túrá. Ifá sọ nínú rẹ̀ pé àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún wá sí ayé pẹ̀lú Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo, wọn kò sì pè é sí ìmọ̀ràn wọn. Òjò kò rọ̀ mọ́, àgàn kò bí, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́. Olódùmarè ni ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí Ọ̀ṣun bí lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ náà ni Ọ̀ṣẹ́túrá. Nínú Ifá, nígbà náà, agbára àwọn ìyá kì í ṣe ibi nìkan; ohun tí a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ni, tí ìlú kò sì lè ṣe aláìní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun mọ èyí. Nínú fíìmù, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ Ọ̀ṣun ni ó di ọ̀tá àwọn ẹlẹ́yẹ, ogun ni ọ̀ràn náà sì parí sí, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Sinimá fẹ́ràn ogun, nítorí ogun ni ojú lè rí. Ògúndé tí ó gbé lọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ ní Òṣọ̀sà kì í ṣe ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ náà. Ó mọ̀ pẹ̀lú ohun tí àwọn ènìyàn yóò sanwó wò. Ní ìlú tí wọ́n ti ń nàka sí arúgbó obìnrin bí ọmọdé bá kú, irú yíyàn bẹ́ẹ̀ wúwo ju bí ó ti rí lójú olùṣe fíìmù lọ.

Ìtàgé náà san nínú owó sinimá. Bí ẹgbẹ́ Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fíìmù, eré ojúkojú dínkù lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀ lé wọn. Bí ó bá sì fi máa di òpin àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń gbé òṣèré láti ìlú dé ìlú ti dúró. Ẹni tí ó sọ iṣẹ́ alárìnjó di iṣẹ́ gidi ní 1945 wà láàrin àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀.

Ìjọba Àpapọ̀ pè é nígbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti onírúurú ẹ̀yà láti kọ́ wọn ní iṣẹ́. Ní 1989, àwọn òyìnbó kan dé sí Òkè Ọya láti sọ Mister Johnson, ìtàn tí Joyce Cary kọ ní 1939, di fíìmù. Bruce Beresford ni olùdarí wọn. Wọ́n fún Ògúndé ní ipò bàbá ọmọbìnrin tí Johnson fẹ́ níyàwó. Òun tí ó ti jẹ́ ọ̀gá lórí iṣẹ́ ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn dúró níwájú ẹ̀rọ ẹlòmíràn, nínú ìtàn tí ẹlòmíràn kọ, ó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò ní kí ó sọ̀rọ̀.

Kò rí i nígbà tí wọ́n parí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kẹrin ọdún 1990, Hubert Ògúndé kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wá sí Òṣọ̀sà, wọ́n sì sin ín sí ìlú rẹ̀.